Gìtá Orí Itan Olókùn Mẹ́jọ: Bí A Ṣe Lè To Ohùn Rẹ̀ Kí Ó Lè Pe Oǹdó

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó ti jó sí orin jùjú ní òde ìyàwó tàbí níbi ìsìnkú àgbà, tí a kò sì béèrè pé kí ni ohun èlò kan tí ń ké fẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń dárò, tí kì í ṣe dùndún, tí kì í sì í ṣe gìtá tí ojú wa mọ̀. Gìtá Hawaii ni. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, n óò máa pè é ní gìtá orí itan, nítorí pé ẹni tí ń ta á kì í gbé e kọ́ ọrùn. Orí itan ni ó ń tẹ́ ẹ sí, ojú gìtá á kọjú sí òkè, irin dídán kan á wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ó ń fi í yọ̀ lórí okùn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ẹni tí ó ní irú gìtá bẹ́ẹ̀, èyí tí ó ní okùn mẹ́jọ, ṣe lè yan ohùn tí okùn kọ̀ọ̀kan yóò máa ké, àti bí okùn náà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹ̀kọ́ Yorùbá, kí ó ní sùúrù díẹ̀. Dò re mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní ìró ohùn ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Láìfa ìtàn gùn, ní erékùṣù Hawaii ni ọ̀nà títa gìtá báyìí ti bẹ̀rẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Joseph Kekuku ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó dá a sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ Rickenbacker ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí ń lo iná mànàmáná, ó sì wà lára àwọn gìtá oníná àkọ́kọ́ tí a ṣe fún títà ní ayé. Ní ilẹ̀ tiwa, Túndé King ti ń kọ jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, Àyìndé Bákàrè sì fi gìtá oníná sí i ní ọdún 1949. Ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé ọba Oǹdó àti Àkúrẹ́, tí a bí ní Òṣogbo ní ọdún 1946, ni ó jẹ́ kí etí wa mọ gìtá Hawaii nínú jùjú dáadáa. King Sunny Adé ni mo ń wí. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní Oǹdó níbí ni ó ti kúrò, tí ó ní Yunifásítì Èkó ni òun ń lọ, tí ó sì gba ìdí orin lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fetí sí àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Juju Music, tí ó jáde ní ọdún 1982, yóò gbọ́ ọwọ́ Démọ́lá Adépọ̀jù lórí gìtá náà. Adépọ̀jù yìí kan náà ni Paul Simon pè sí inú orin Graceland ní ọdún 1986.

Ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Gìtá Adépọ̀jù dúró lórí ẹsẹ̀ bí tábìlì, ó sì ní pẹ́dàlì tí a fi ń yí ohùn okùn padà bí orin ti ń lọ lọ́wọ́. Ti orí itan kò ní pẹ́dàlì kankan. Ohùn tí a bá to okùn rẹ̀ sí kí orin tó bẹ̀rẹ̀, òun náà ni a óò bá dé òpin orin. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá yàn án ní àyànṣì yóò fi jìyà rẹ̀ lójú agbo.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a pe orúkọ ìlú méjì: Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Dò mí mí ni Àkúrẹ́. Re dò mí ni Oǹdó. Ohun tí a ń kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá fetí sílẹ̀ sí ẹnu wa, kú tí ó wà nínú Àkúrẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ṣáájú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gbéra, tí ó ń yọ̀ gòkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni dó tí ó gbẹ̀yìn Oǹdó. Bí a bá yí i padà, tí ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀lé ohùn òkè bí ti inú rárà, yíyọ̀ wálẹ̀ ni yóò máa yọ̀. Gbogbo wa ni a kọ èyí sínú ìwé ìdánwò. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé àwọn onídùndún mọ̀ ọ́n kí ilé ẹ̀kọ́ tó dé. Bí onídùndún bá fẹ́ pe Oǹdó, kì í lu ìró mẹ́ta tí ó dúró gbọn-in gbọn-in. Ó ń lù, ó sì ń fún ọsán lọ́wọ́ kan náà, tí ìró ìkẹyìn á fi rọra gòkè lábẹ́ apá rẹ̀.

Dùùrù kò lè ṣe èyí. Gìtá tí ó ní ìdábùú irin lọ́rùn lè ṣe é díẹ̀ bí a bá fi ìka fa okùn, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Gìtá orí itan kò ní ìdábùú. Ilà lásán ni wọ́n fà sí ọrùn rẹ̀ kí ojú lè rí ibi tí irin dé. Irin lè yọ̀ láti ilà kan dé òmíràn láìfò. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yan ohùn fún un, ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ọmọ Yorùbá kọ́ ni pé, èwo ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò? Ìbéèrè wa ni pé, okùn wo ni yóò pe Oǹdó tí ará Oǹdó yóò dáhùn?

Èyí tí mo fara mọ́ nìyí. Láti orí okùn tí ó tín jù lọ, tí ó jìnnà sí ikùn ẹni tí ń ta á, títí dé èyí tí ó nípọn jù: so, mi, do, la, so, mi, do, la. Bí do bá jẹ́ C, àwọn onígìtá ń pè é ní C6. Bí do bá jẹ́ A, wọ́n ń pè é ní A6. Ètò kan náà ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin wa, ìró márùn-ún ni ó ń lò: do re mi so la. Mẹ́rin nínú wọn ti wà lórí gìtá yìí kí a tó fọwọ́ kan irin. Re nìkan ni kò sí níbẹ̀, a óò sì rí i pé àìsí rẹ̀ ṣe wá lóore.

Kí n tó lọ síwájú, do re mi ti orin yìí kì í ṣe ọ̀kan náà gan-an pẹ̀lú dò re mí tí a fi ń kọ́ ìró ohùn. Ìsàlẹ̀, àárín àti òkè lásán ni ti ohùn; ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í wọn àlàfo àárín wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ sórí okùn, ibì kan ni a óò ti bẹ̀rẹ̀, do re mi orin sì dára fún un.

Ẹ wá wò ó lórí okùn kẹta, tí í ṣe do. Bí irin bá wà lórí ilà 5, ẹ ka ìyẹn sí dò. Ilà 7 ni re, ilà 9 sì ni mí. Láti pe Oǹdó, ẹ ta okùn náà ní ilà 7, ẹ ta á ní ilà 5, lẹ́yìn náà ẹ tún un ta ní ilà 5 kan náà, kí ẹ sì yọ irin lọ sí ilà 9 kíákíá. Oǹdó nìyẹn. Ní ti Àkúrẹ́, ọ̀lẹ lè fi irin sí ilà 5, kí ó ta okùn kẹta lẹ́ẹ̀kan àti okùn kejì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé do àti mi sún mọ́ra wọn. Dò mí mí ni yóò dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó yọ̀ níbẹ̀. Oǹdó kò gba irú ọ̀lẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí okùn re tí a lè sá lọ bá. Ó di dandan kí irin rìn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ dábàá pé kí n fi re rọ́pò ọ̀kan nínú àwọn okùn àárín kí ìró márààrún lè pé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbàkígbà tí mo bá fa ọwọ́ kọjá lórí gbogbo okùn, re á dúró láàárín do àti mi bí ẹni tí ń dá sí ìjà tọkọtaya. Mo yọ ọ́ kúrò. Ètò àtijọ́ kan tún wà tí kò ní ju do mi so lọ, ó sì dùn fún orin ìyìn inú ìwé orin mímọ́, àmọ́ la tí ó ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀ a máa dun ni nígbà tí a bá dé ìdí jùjú. Àwọn ètò mìíràn wà tí wọ́n rẹ ti sílẹ̀ díẹ̀ sínú wọn fún orin àwọn ará Amẹ́ríkà. Èyí kò kàn wá púpọ̀.

Nísinsin yìí, ìpọn okùn. Ibí ni mo ti jìyà, n kò sì ní tijú láti sọ ọ́.

Òkúta àwọn onítòkúnbọ̀ ní Àkúrẹ́ ni mo ti ra gìtá mi. Gígùn okùn rẹ̀, láti afárá kan dé èkejì, jẹ́ ínṣì 22 ààbọ̀. Ẹgbẹ́ akọrin tí mo ń bá ṣeré fẹ́ràn láti máa fi D ṣe do, nítorí náà mo ní kí n to gìtá náà kí do rẹ̀ jẹ́ D tààrà. Èyí ni pé so òkè pátápátá yóò di A, èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn 12 ni mo fi sí i. (Bí a bá sọ pé okùn 12, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá gé ínṣì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, 12 nínú rẹ̀ ni ìpọn okùn náà.) Mo ń lọ ọ́ le díẹ̀díẹ̀, ó ṣẹ́ku díẹ̀ kí ó dé A, ó já, ó sì nà mí lójú ọwọ́ bí kòbókò. Mo ra 13, mo ní èyí lágbára jù ú lọ. Ó já. Mo ra 14. Òun náà já, ní ibì kan náà tí àwọn méjì ìṣáájú ti já. Owó tán. Ní ọjọ́ kejì tí a lọ ṣeré ní Àkúrẹ́, àárín àwọn elégbè ni mo dúró sí, mo ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń kọ́ físíìsì ni ó là mí lójú. Ó ní, "Ìwọ yìí, bí o bá fi okùn tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ sí i, yóò já." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ ṣàlàyé." Ó ní òtítọ́ ni pé okùn tí ó nípọn lágbára ju èyí tí ó tín lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ pẹ̀lú, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fà á le jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ké ohùn kan náà. Gbogbo agbára tí ó jèrè ni ó ná tán. Ohun tí ń pinnu ibi tí okùn irin yóò ti já ni gígùn rẹ̀ àti ohùn tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìpọn rẹ̀. Lórí ínṣì 22 ààbọ̀, okùn irin gidi lè gba so tí ó jẹ́ G, tí ń gbọ̀n ní ìgbà 392, kí ó sì sinmi. Tí a bá fi dé A, ẹnu bèbè ni ó wà.

Ohun tí ó tún bí mi nínú jù ni èyí tí ó sọ tẹ̀lé e. Ó ní ta ni ó ní kí n fi okùn lásán kọ D? Bí mo bá fi do sí A, tí mo gbé irin lé ilà 5, kí ni yóò jáde? D ni. Irin tí ó wà lọ́wọ́ mi láti òwúrọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ tí mo ń fi okùn mẹ́ta ṣe.

Nítorí náà, A6 ni mo ń lò báyìí, òun ni mo sì gba ẹni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ràn pé kí ó lò. So òkè rẹ̀ kò kọjá E, tí ń gbọ̀n ní ìgbà 330; kò sí ìbẹ̀rù pé yóò nà wá lójú.

Bí a ṣe ń mọ ìpọn tí ó yẹ okùn kọ̀ọ̀kan kò ṣòro. Marin Mersenne, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1636. Bí gígùn bá dọ́gba, tí a sì fa okùn méjì le bákan náà, èyí tí ó nípọn ní ìlọ́po méjì yóò máa gbọ̀n ní ìdajì iye ìgbà tí èkejì ń gbọ̀n. Nípa bẹ́ẹ̀, tí a bá sọ ìpọn di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n, tí èsì àwọn okùn sún mọ́ra wọn, a jẹ́ pé wọ́n le bákan náà. Ẹ wo C6 lórí ínṣì 22 ààbọ̀: okùn 12 ní ọ̀nà 392 jẹ́ 4,704, okùn 15 ní ọ̀nà 330 jẹ́ 4,950, okùn 18 ní ọ̀nà 262 jẹ́ 4,716, okùn 22 ní ọ̀nà 220 jẹ́ 4,840, okùn 24 ní ọ̀nà 196 jẹ́ 4,704. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ̀rù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fà jẹ́ nǹkan bíi kílò 11 ààbọ̀ sí 13.

Kí ni a fẹ́ fi ìdọ́gba ṣe? Irin tí a ń gbé lé okùn gún gbọọrọ. Bí okùn kan bá dẹ̀ láàárín àwọn tí ó le, yóò rì lábẹ́ irin, ohùn rẹ̀ á sì yẹ̀. Ẹni tí ń ta gìtá tí ó ní ìdábùú lè má fura. Lórí itan, gbogbo agbo ni yóò gbọ́ ọ.

Òfin yìí ṣe é lò tààrà fún okùn tí kò wọ aṣọ nìkan. Àwọn okùn tí ó nípọn jẹ́ èyí tí wọ́n fi wáyà tínínrín wé, ìṣirò tiwọn sì yàtọ̀ díẹ̀ nítorí pé aṣọ náà kì í wúwo tó irin tí kò ní àlàfo.

Ìṣòro wa ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó níbí ni pé, ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo dé, wọn kì í ta okùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Páálí okùn mẹ́fà ti gìtá tí gbogbo ènìyàn ń ta ni wọ́n ní. Mo jókòó ti ìṣirò náà títí mo fi rí i pé páálí méjì tó. Ẹ ra páálí gìtá oníná tí okùn rẹ̀ jẹ́ 10, 13, 17, 26, 36 àti 46, kí ẹ tún ra èyí tí ó jẹ́ 12, 16, 20, 32, 42 àti 54. Fún A6, láti òkè dé ìsàlẹ̀, so gba 13, mi gba 17, do gba 20, la gba 26, so kejì gba 32, mi kejì gba 36, do kejì gba 46, la ìkẹyìn gba 54. Okùn 13 ni ó dẹ̀ díẹ̀ nínú wọn, ní nǹkan bíi kílò 9 ààbọ̀; bí ẹ bá rí okùn 14 kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Okùn 32 ni ó le jù, ní kílò 12 ààbọ̀. Bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi kílò 87. Àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ kọ́, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, gbogbo rẹ̀ sì ń fa pákó kékeré yẹn tọ̀sán tòru. Kí ẹ má ṣe fi í sínú oòrùn.

Ẹ kọ́kọ́ wọn gígùn gìtá yín o. Bí ó bá jẹ́ ínṣì 25, àwọn okùn kan náà ní ohùn kan náà yóò fà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ á sì wọ kílò 107. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta páálí gìtá onípákó fún yín, èyí tí aṣọ okùn rẹ̀ jẹ́ idẹ pupa. Òòfà ni gìtá oníná fi ń gbọ́ okùn, òòfà kì í sì í mọ idẹ. Àwọn okùn ńlá á máa dún bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

Ohun kan tí ó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni okùn kẹta, do, tí a ti ń pe Oǹdó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ okùn tí kò wọ aṣọ. Àwọn páálí kan wà tí wọ́n ti wé okùn kẹta wọn. Bí irin bá ń yọ̀ lórí wáyà wíwé, ariwo kan a máa tẹ̀lé e, họ̀rọ̀ họ̀rọ̀, bí eku nínú àjà, ibi tí ohùn ti ń yọ̀ gan-an ni ariwo náà sì ti ń pọ̀ jù. Ẹ tú páálí wò kí ẹ tó sanwó.

Nígbà tí mo tò ó báyìí tán, mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan ní àdúgbò wa ní Oǹdó, àyàn ni wọ́n, wọ́n sì ti dàgbà. N kò sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ta re dò mí lórí okùn kẹta. Bàbá ní, "Oǹdó lo pè yẹn." Inú mi dùn. Mo wá ta Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n mo fi ọ̀lẹ ta á, lórí okùn méjì. Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Agogo nìyẹn, ọmọ mi. Kò pe ẹnì kankan." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún un ta." Mo gbé irin padà sórí okùn kẹta, mo ta á ní ilà 5, mo tún un ta, mo yọ̀ ọ́ lọ sí ilà 9, mo sì ta á lẹ́ẹ̀kan sí i níbẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un pè. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n nawọ́ mú kọ̀ǹgó.